Ọwọ́ Wo Là Ń Gbà Nílẹ̀ Onílẹ̀? Ìtàn Ọ̀tún àti Òsì Lójú Pópó

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Síbẹ̀, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni gbogbo mọ́tò ń gbà lọ sílé bàbá wa: ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn, ní Èkó, títí dé Màídúgùrì. Ẹni tí kò bá tíì pé ọgọ́ta ọdún, ó ṣeé ṣe kó má mọ̀. Mo ti sọ ọ́ létí àwọn ọ̀dọ́ kan rí, wọ́n rò pé àlọ́ ni mo ń pa.

Ohun tó mú mi gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ni ìbéèrè tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀kan á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ wa ọkọ̀ mi lọ sí Kútọnu, kí ni kí n mọ̀?" Òmíràn á ní, "Bàbá, àwọn ọmọ ní kí n wá kí àwọn nÍlùú Ọba. Ṣé mo lè wakọ̀ níbẹ̀?" Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ yín, n kì í ṣe ọ̀gá awakọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó sí i, mo rí i pé ìbéèrè èdè gan-an ni wọ́n ń bi mí, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Ẹ wò ó. Ní Yorùbá, a máa ń sọ pé "ilé ńlá". Ọ̀rọ̀ orúkọ ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ àpèjúwe tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì á kọ́kọ́ pe "ńlá" kó tó pe "ilé". Ta ló tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì? Kò sẹ́ni tó ṣì. Àdéhùn ni. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni kéèyàn gbé ètò ti ọ̀kan wọnú èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀tún àti òsì lójú pópó. Kò sí èyí tí Ọlọ́run dá pé kó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣi gírámà sọ, ẹ̀rín la ó fi rín in. Ẹni tó bá ṣi ọwọ́ gbà lórí eré, òkú lè sùn.

Ọwọ́ tí kì í ṣe ọwọ́

Kí n tó wọnú ìtàn, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Ní gáréèjì, "ọwọ́" kì í ṣe ohun tó so mọ́ apá èèyàn nìkan. Bí awakọ̀ bá ní "ó kúrò lọ́wọ́ tiẹ̀, ó gba ọwọ́ ọlọ́wọ́", gbogbo wa mọ̀ pé apá ibi tó yẹ kí ọkọ̀ náà wà lójú títì ló fi sílẹ̀. "Ó ń bọ̀ lọ́wọ́ wa" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, tí kọ̀ńdọ́ bá pariwo ẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á kígbe "Yéè!" Àwọn tó kọ́kọ́ bá mọ́tò pàdé nílẹ̀ wa kò wá ọ̀rọ̀ tuntun lọ sókè òkun fún èyí. Wọ́n mú ọwọ́ tó wà lára wọn, wọ́n fi pín ojú ọ̀nà sí méjì.

Ọ̀tún àti òsì kò sì dọ́gba lójú Yorùbá. Ọ̀tún la fi ń jẹun, òun la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Nínú oyè ogun, Ọ̀tún Balógun ló ṣáájú Òsì Balógun. Lọ́dọ̀ àwa ará Ìlọrin, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tún wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀tún ni kéèyàn fi ṣe ohun tó dára. Nítorí náà, ẹnì kan lè rò pé nígbà tí ìjọba ní ká fi òsì sílẹ̀ ká gba ọ̀tún, àṣà wa ló gbè é lẹ́yìn. Rárá o. Ààlà ilẹ̀ ló fà á.

Bí àwọn òyìnbó ṣe pín ọ̀nà

Nílùú Ọba, òfin ọdún 1835 ló ti fi òǹtẹ̀ lù ú pé ọwọ́ òsì ni kí gbogbo ọkọ̀ máa gbà. Ẹ rántí pé kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni ọkọ̀ ìgbà náà. Nígbà tí mọ́tò dé, òfin yẹn náà ni wọ́n gbé lé e lórí. Faransé ní tiẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbà. Ibi tí oníkálukú sì ti jọba, ibẹ̀ ló gbé ọwọ́ tiẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé ní Paris lórí ibi tí ilẹ̀ oníkálukú pin sí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ààlà tó ti inú ìwé yẹn jáde gba àárín ilé Yorùbá kọjá. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu tẹ́lẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ lọ sọ́hùn-ún. Ní Kwara tiwa yìí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn Bàrùbá. Nikki tí wọ́n ń tọpa oyè wọn sí bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, àwọn tó wà ní Kàyámà àti agbègbè rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Títí dòní, ẹni tó bá gba ẹnubodè Chikanda jáde ní Kwara, ọ̀nà Nikki ló kọjú sí.

Kò tíì sí mọ́tò nílẹ̀ wa nígbà tí wọ́n fàlà náà. Ní ọdún 1906 la tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ nípa ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò ṣe ń pọ̀ sí i, ààlà tó jẹ́ ìlà lórí ìwé di ohun tí awakọ̀ ń fi ara rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá ti Ìmẹ̀kọ wakọ̀ lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Kétu, ìkíni kan náà ni wọ́n ń kí lọ́hùn-ún, ẹ̀kọ kan náà ni wọ́n ń jẹ, àmọ́ tó bá ti kọjá ẹnubodè, ó gbọ́dọ̀ sọdá láti òsì bọ́ sí ọ̀tún. Èdè ẹnu kò yí padà, èdè ojú ọ̀nà ló yí.

Ọdún mẹ́sàn-án tí ọ̀tún gba Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà

Nígbà tí a gba òmìnira, orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ gàba lé lórí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ń gba òsì: Gámbíà, Siẹrra Léònè, Gánà àti Nàìjíríà. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ wọn. Senegal ló yí Gámbíà ká. Guinea àti Làìbéríà ni aládùúgbò Siẹrra Léònè. Kóòtù Dìfọ̀ọ̀, Tógò àti ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí ló yí Gánà ká. Dàhòmì (tó di Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn náà), Nìjẹ̀, Ṣáàdì àti Kamẹrúùnù ló yí àwa náà ká. Gbogbo àwọn aládùúgbò wọ̀nyí, ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Àwa mẹ́rin ló kù tá à ń sọ èdè tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nítòsí wa.

Gámbíà ló kọ́kọ́ yí padà, ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1965. Siẹrra Léònè tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 1, oṣù kẹta, ọdún 1971. Ó kan Nàìjíríà ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972. Gánà ló kẹ́yìn, ní ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ, ọdún 1974. Láti ọjọ́ náà, kò sí orílẹ̀-èdè kankan mọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń gba òsì. Láti Èkó dé Dàkár, ọwọ́ kan náà ni.

Kì í ṣe ilẹ̀ Áfíríkà nìkan nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Swídìn, lókè òkun, yí láti òsì sí ọ̀tún ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1967. Iceland tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. Ẹ wá kíyè sí nǹkan kan: ọjọ́ Àìkú ni ti Swídìn, ọjọ́ Àìkú ni tiwa, ọjọ́ Àìkú ni ti Gánà. Tiwa tilẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọdún Àjíǹde. Ọgbọ́n ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò lọ síbi iṣẹ́, tí ọkọ̀ kò pọ̀ lójú títì, ló yẹ kéèyàn fi kọ́ ọwọ́ tuntun.

Àwọn ará Gánà fi èdè ilé wọn ṣe ìkéde tiwọn. Ní èdè Akan, wọ́n ní "Nifa, Nifa Enan". Ọ̀tún ni "nifa", ẹẹ́rin sì ni "enan", nítorí ọjọ́ kẹrin oṣù ni wọ́n fẹ́ yí padà. Ẹ wo bí ó ṣe kúrú tó, bó ṣe rọrùn láti kọ lórin, tí ìyá aláta tí kò mọ̀wé á fi mọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọwọ́ wo, àti ọjọ́ wo. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ fún ìjọba, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Òfin tí a kò bá gbé wọ inú èdè àwọn tí yóò pa á mọ́, ìwé lásán ni.

Mo ti lé lọ́mọ ogún ọdún nígbà tí tiwa ṣẹlẹ̀. Ọ̀gágun Gowon ló wà lórí àléfà, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù kìíní ọdún 1970 ni. Àsìkò ìyípadà ni gbogbo ẹ̀: nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ohun tó yà mí lẹ́nu ní ti ojú ọ̀nà ni pé ẹlẹ́sẹ̀ ló jìyà ju awakọ̀ lọ. Awakọ̀ rí ọkọ̀ mìíràn níwájú rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́sẹ̀ ní tiẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti mọ́ ọn lára láti kọ́kọ́ wo ọ̀tún kó tó sọdá, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó sún mọ́ ọn jù ti ń bọ̀. Láàárín òru kan, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí wá láti òsì. Òfin lè yí lálẹ́ ọjọ́ kan, ọrùn kì í tètè yí.

Ọkọ̀ náà kò yí. Òsì ni ẹnu ọ̀nà àwọn bọ́ọ̀sì wà, kí èrò lè sọ̀ sẹ́bàá títì. Nígbà tí a gba ọ̀tún, ẹnu ọ̀nà yẹn wá kọjú sí àárín títì. Bẹ́ẹ̀ ni ìdarí ọkọ̀, ìyẹn sítíárì, wà lápá ọ̀tún. Awakọ̀ wá jókòó sẹ́bàá igbó, kò rí iwájú mọ́ tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ tó wà níwájú ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó jókòó sápá òsì ló ń bá a yọjú wò: "Máa lọ! Dúró! Máa lọ!" Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó tán nílẹ̀.

Ìwé ìrìnnà àti ẹnubodè

Ọwọ́ kan náà la wá ń gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó. Ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 1975, wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1979, wọ́n ṣe àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1982, wọ́n ṣe àdéhùn mìíràn ní Kútọnu, tó bí ohun tí à ń pè ní Brown Card. Káàdì ìbánigbófò ni. Bí ọkọ̀ Nàìjíríà bá ṣe ẹnì kan léṣe ní Lomé, káàdì yìí ló máa jẹ́ kí ẹni náà rí owó gbà láìjẹ́ pé ó wá gbogbo ọ̀nà dé Ìlọrin.

Nílé níbí, ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí èyí tó dé, ní ọdún 1977, ó ti kó ipa ńlá nínú dídá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni ń pa eéṣú.

Ní ọdún 2018, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ẹnubodè alájọni ní Ṣẹ̀mẹ̀, kí àwọn aṣọ́bodè méjèèjì lè wà lábẹ́ òrùlé kan. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, ó sì di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó tún Ṣẹ̀mẹ̀ ṣí. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún arìnrìn-àjò: béèrè bí ẹnubodè ṣe rí kí o tó kúrò nílé.

Fún ẹni tó ń lọ sí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò

Ọwọ́ ọ̀tún ni, kò sí ìyàtọ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni oríta. Níbi tí Faransé ti kọ́ni ní òfin ọ̀nà, bí kò bá sí àmì kankan, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún rẹ ló ni ọ̀nà, kódà kí ọ̀nà tirẹ fẹ̀ ju tiẹ̀ lọ. Awakọ̀ wa tó mọ̀ pé ẹni tó wà lójú ọ̀nà ńlá ló ni agbára, ó lè máa sáré bọ̀, kó máa rò pé ẹni yẹn á dúró. Ẹni yẹn ò ní dúró, nítorí òfin tiẹ̀ ní kó máa bọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀kadà tiwọn ni zémidjan. Èdè Fọ̀n ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ò sì jìnnà sí "tètè gbé mi". Ní Kútọnu, ẹ máa rí wọn nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n pọ̀ bí omi. Ẹni tó bá fẹ́ yà sí ọ̀tún gbọ́dọ̀ wo jígí apá ọ̀tún dáadáa, nítorí wọ́n lè ti yọ síbẹ̀ kí o tó ṣẹ́ sítíárì.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ Faransé díẹ̀, ti ojú ọ̀nà nìkan. "Ralentir" ni pé kí ẹ rọra. "Sens interdit" ni pé ẹ má wọ ibẹ̀. "Déviation" ni pé ọ̀nà yà. "Péage" ni ibi tí a ti ń san owó ọ̀nà. "Douane" ni ibi àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, Yorùbá yín á gbà yín; ẹ kàn kí wọn dáadáa ná, "Ẹ kú iṣẹ́ o", kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Àmọ́ Faransé ni wọ́n á fi kọ ìwé ẹ̀sùn tí ọ̀rọ̀ bá dọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ má gbàgbé ìwé: ìwé ìrìnnà yín, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé ọkọ̀, Brown Card, àti ìwé àṣẹ láti ọwọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ bí kì í bá ṣe tiyín.

Fún ẹni tó ń lọ sÍlùú Ọba

Ibí yìí ni ìtàn ti yí po. Ọwọ́ òsì tí a fi sílẹ̀ ní 1972, ibẹ̀ ló jókòó sí títí dòní. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò lè fi ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà wa ọkọ̀ kékeré níbẹ̀ fún oṣù 12. Ẹni tó bá lọ gbé ibẹ̀, tí oṣù 12 bá ti pé, kò lè lò ó mọ́. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ akọ́ṣẹ́, kó jókòó ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, kó sì ṣe ìdánwò ìwakọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n ń bá wọn pààrọ̀ ìwé tààrà. Nàìjíríà ò sí lára wọn. Mo ti rí àwọn tó ti wakọ̀ ní ọgbọ̀n ọdún níbí tí inú wọn bàjẹ́ sí èyí. Ẹ má bínú. Àgbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ èdè tuntun, kíláàsì kìíní náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Máìlì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe kìlómítà. 30 tí ẹ bá rí láàárín ìlú, máìlì 30 láàárín wákàtí kan ni, ó sún mọ́ kìlómítà 48. Ní mọ́tọ́wéè, 70 ni òpin, ìyẹn bíi kìlómítà 113. Ní Wales, 20 ni fún ọ̀pọ̀ àárín ìlú láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe èèyàn tí ẹ lè bẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, owó wà fún wíwọ àárín ìlú láti ọdún 2003, owó mìíràn sì tún wà fún ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀.

Ìgbà wo ni ọwọ́ máa ń dà rú mọ́ àlejò lójú? Kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ pọ̀. Tí ọkọ̀ bá pọ̀, wàá tẹ̀ lé èrò. Ìgbà tí títì bá dá, tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé epo, tí ó rẹ̀ ọ́, tí o ń bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀, ìgbà yẹn ni ọ̀tún ilé á padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí: ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí omi, tí nǹkan bá dédé gbé e lójijì, Yorùbá ló máa fi kígbe. Èdè abínibí máa ń fara pamọ́ ni, kì í kú. Ọwọ́ abínibí náà kì í kú. Nítorí náà, kọ "ÒSÌ" sórí pépà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú rẹ nínú ọkọ̀, má tijú. Kí ẹlẹ́sẹ̀ sì rántí láti kọ́kọ́ wo ọ̀tún. Ìjọba ibẹ̀ pàápàá kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ìsọdá fún àwa àlejò.

Ìmọ́lẹ̀ pípa-títàn tún ń kọ́? Níbí, awakọ̀ tó bá ta ìmọ́lẹ̀ sí ọ lójú ń sọ pé, "Èmi ló ń bọ̀, dúró síbẹ̀." Nílùú Ọba, ìwé òfin wọn ní kéèyàn fi sọ fún ẹlòmíì pé òun wà níbẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi sọ ni, "Ẹ máa kọjá, mo ti yọ̀ǹda." Àmì kan, ìtumọ̀ méjì tó tako ara wọn. Tí ọmọ Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì bá ta ìmọ́lẹ̀ síra wọn ní oríta kan, ẹ fojú inú wo ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ.

Àwọn àmì tiwa

Àlejò tó bá wá sọ́dọ̀ wa náà ní ẹ̀kọ́ láti kọ́. Òkè-Oyi níbí wà lójú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Bodè Sáàdù dé Jẹ́bà, ọ̀nà tí àwọn tírélà ń gbà lọ sókè Ọya. Ẹni tó bá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà yìí fún wákàtí kan á gbọ́ èdè tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Tí ó bá rí ewé tútù tí wọ́n tò sójú títì, kó rọra: ọkọ̀ kan ti bàjẹ́ síwájú. Òfin ní kí awakọ̀ gbé àmì onígun mẹ́ta pupa síbẹ̀, àmọ́ ewé ló yá. Tí tírélà bá tan iná apá ọ̀tún fún ọ láìyà síbì kan, ó lè jẹ́ pé ó ń sọ pé iwájú dá, o lè kọjá. Ẹ má gbà á gbọ́ láìwo ọ̀nà fúnra yín, nítorí ó tún lè jẹ́ pé ó fẹ́ yà lóòótọ́.

Ẹ rántí àrokò. Àwọn baba wa fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti ewé ránṣẹ́ síra wọn láìsọ̀rọ̀. Màrìwò lẹ́nu ọ̀nà sọ fún ẹni tó mọ̀ pé kó má wọlé. Ewé tó wà lójú títì Jẹ́bà, ọmọ àrokò ni. Ó dùn mọ́ mi pé èdè náà kò parun. Ṣùgbọ́n àrokò kì í ṣiṣẹ́ àfi láàárín àwọn tó jọ mọ̀ ọ́n. Àlejò kò mọ̀ ọ́n, lóru kò sì hàn. Àmì pupa tó ń dán lálẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí ewé máa ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì bá jàǹbá pàdé, kó pe 122, nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Owó kì í lọ lórí ẹ̀.

Ohun tí 1972 fi hàn wá

Mo máa ń gbọ́ ọ pé, "Nàìjíríà ni, kò sí òfin tí a lè pa mọ́." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972. Gbogbo orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú bọ́lẹ̀kájà rẹ̀, pẹ̀lú àwọn awakọ̀ tí kò mọ̀wé, sùn sí ọwọ́ òsì, wọ́n jí sí ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n pa òfin mọ́. Kí ló dé tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn fi ń gba wọn-wéè lórí mọ́rosẹ̀ lónìí, tí wọ́n ń kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lórí eré 100?

Mo ti rò ó. Òfin méjì wà. Èkínní dà bí gírámà: ẹni tó bá rú u, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ pa. Ní 1972, kò sí èrè kankan fún ẹni tó bá ní òsì lòun á máa gbà lọ. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé gbogbo èèyàn ti yí padà, nítorí náà oníkálukú yí padà. Èkejì dà bí ìlà lójú gbọ̀ngàn oúnjẹ. Ẹni tó já a máa jèrè, níwọ̀n ìgbà tí àwọn yòókù bá ṣì dúró lórí ìlà. Ẹni tó ń gba wọn-wéè gbọ́kàn lé e pé àwa yòókù á dúró lọ́wọ́ wa. Òfin wa ló fi ń jẹun. Irú èyí, ìkéde rédíò nìkan ò lè wò ó sàn. Ẹni tí yóò mú un, tí kò sì ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kó fi í sílẹ̀, ló kù.

Àlejò ló sì ń fara gbá a jù. Ọmọ ilé mọ̀ pé ní kọ́nà kan báyìí, wọ́n máa ń gba wọn-wéè lójú irọ̀lẹ́, ó ti rọra. Àlejò gba ìwé gbọ́: ó rí ọfà tó ní ọ̀nà kan ni, ó tẹ̀ ẹ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sókèèrè, ẹ kọ́ gírámà onílẹ̀ kí ẹ tó tan ọkọ̀. Ẹ má fi ti ilé wé e, ẹ má sì bínú sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jẹ́ kí ohun tí a kọ sórí pátákó jẹ́ ohun tí à ń ṣe, kí àlejò tó kà á má baà ti ibẹ̀ bá ikú pàdé. Ọ̀tún ni a mú ní 1972. Ẹ jẹ́ ká dúró lọ́wọ́ náà.

Ire o, ẹ sì rọra wakọ̀.